Báwo ni a ṣe ń dá Fáráò mọ̀ nínú ìkọ̀wé alàwòrán ilẹ̀ Íjíbítì àtijọ́?

AyàwòránÌtàgé kọ pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí gbogbo yín. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ìjọ wa ń múra eré Mósè àti Fáráò sílẹ̀, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ aṣọ ẹ̀yìn ìtàgé àti ìmúra ọba lé lọ́wọ́. N kò fẹ́ ṣe bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, tí wọ́n á ya ojú, ẹyẹ àti ejò káàkiri ara ògiri láìmọ ohun tí èyíkéyìí nínú wọn ń sọ, tí wọ́n á wá dé Fáráò ní adé tó jọ ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìkọ̀wé alàwòrán àwọn ará Íjíbítì, èyí tí wọ́n ń pè ní hieroglyph, kí ni àwọn àmì tó ń fi hàn pé ọba ni ẹni tí a yà? Adé wo ló tọ́ sí i, kí ló yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Olùkọ́Ìtàn kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìmúra. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn ni pé àwọn ará Íjíbítì kò ya àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé bí àwa ti ń ṣe lónìí. Adé tí ẹ rí lórí ọba nínú àwòrán ńlá ara ògiri ni ẹ óò tún rí ní kékeré láàárín ọ̀rọ̀ tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tó ti ń dúró fún ìró tàbí fún odidi ọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí àwòrán yín bá ń sọ pé ọba ni ẹni yìí, tí ìwé tó yí i ká sì jẹ́ játijàti, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ ti ara òkúta Narmer, ọ̀kan nínú àwọn ọba àkọ́kọ́ ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, ó ga tó nǹkan bíi 64 sẹ̀ǹtímítà, wọ́n hú u jáde ní Hierakonpolis ní apá gúúsù Íjíbítì nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, ó sì ti lé ní 5,000 ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ. Ní ojú kan, ọba dé adé funfun gíga kan tó fẹ̀ nísàlẹ̀, tó sì ní kókó roboto lókè. Ó na kùmọ̀ sókè lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì di irun orí ọ̀tá rẹ̀ mú, ìrù akọ màlúù ń fì ní ìdí rẹ̀, ìránṣẹ́ kan sì gbé bàtà rẹ̀ dání lẹ́yìn rẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ lásán ni ọba wà. Ní ojú kejì, ọba kan náà ló dé adé pupa, èyí tó pẹlẹbẹ lókè, tí ẹ̀yìn rẹ̀ nà sókè gan-gan, tí nǹkan tín-ín-rín kan sì ti inú rẹ̀ yọ síwájú tó ká kòrókòró. Kùmọ̀ àti pàṣán ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá wá wo òkè pátápátá, ẹ óò rí àpótí kékeré kan láàárín orí màlúù méjì, ẹja àrọ̀ àti irin ìgbẹ́gi ló sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ ọba nìyẹn. Orúkọ tí wọ́n ń pe ẹja náà ní èdè wọn fún wa ní “nar”, ti irin náà fún wa ní “mer”. Ìró ẹja náà ni wọ́n yá lò.

Adé funfun ni ti Íjíbítì Òkè, ìyẹn apá gúúsù tí odò Náílì ti ń ṣàn bọ̀. Adé pupa ni ti Íjíbítì Ìsàlẹ̀, níbi tí odò náà ti pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ kó tó wọ inú òkun. Bí wọ́n bá ki funfun bọ inú pupa, ó di adé ilẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni ẹni tó ń pàṣẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀ odò. Ẹ má ṣe yí àwọ̀ wọn padà nítorí ẹwà, torí pé àwọ̀ náà gan-an ni ọ̀rọ̀ tí adé ń sọ.

Aránṣọ kọ pé:

Mo fẹ́ fi díẹ̀ kún ọ̀rọ̀ Olùkọ́. Adé ilẹ̀ méjì ga, yóò sì máa ṣubú lórí òṣèré tó bá ní láti máa rìn, tó sì ní láti máa bínú sí Mósè. Aṣọ orí onílà ni yóò rọ̀ yín lọ́rùn jù, irú èyí tó wà lórí ìbòjú wúrà ọba Tutankhamun: ó dì mọ́ iwájú orí, ó bo ẹ̀yìn etí, ó sì já sílẹ̀ sí àyà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Wúrà àti búlúù ni ìlà tirẹ̀. Níwájú orí ìbòjú yẹn, orí igún àti ejò sèbé tó na ọrùn ló wà níbẹ̀. Igún dúró fún Nekhbet, òrìṣà tó ń ṣọ́ apá gúúsù; sèbé dúró fún Wadjet ti àríwá. Bí agbára yín kò bá ká méjèèjì, ẹ fi igún sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ejò sílẹ̀ láéláé. Ejò tó gbé orí sókè níwájú orí yẹn ni ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá nínú gbọ̀ngàn yóò fi mọ ọba.

Adé búlúù tún wà, èyí tí wọ́n ya àmì roboto kéékèèké sí gbogbo ara rẹ̀. Kò sí lára ohun tí àwọn ọba ìgbà Narmer ń dé, ní ìgbà Ìjọba Tuntun, ìyẹn nǹkan bí 1550 sí 1070 ṣáájú ìbí Kristi, ló wọ́pọ̀, wọ́n sì máa ń ya ọba pẹ̀lú rẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ogun. Fún apá ibi tí Fáráò ti lépa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì dé etí òkun, òun ni èmi ìbá lò.

Ní ti ohun tí ẹ óò fi rán an, ọwọ́ yín ni ó wà. Adé funfun, adé pupa àti adé búlúù, kò sí ọ̀kan tí àwọn awalẹ̀pìtàn tíì rí wú jáde nínú ilẹ̀. Nínú àwòrán àti lára ère nìkan la ti mọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó lè dá yín lẹ́bi pé kí ló dé tí ẹ fi páálí àti aṣọ ṣe é.

Òǹkàwé kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Àpótí orúkọ Narmer tí Olùkọ́ sọ yẹn ni ó pẹ́ jù lọ nínú ọ̀nà tí wọ́n fi ń kọ orúkọ ọba. Bí ẹ bá wo ìsàlẹ̀ àpótí náà dáadáa, ẹ óò rí ìlà òòró tó tò tẹ̀lé ara wọn. Iwájú ààfin ni wọ́n yà, bí ẹni pé ọba wà nínú ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, àṣá ni ó máa ń bà lé orí àpótí náà, àṣá náà ni Horus, òrìṣà tí ọba jẹ́ ojú rẹ̀ láyé. Òkúta ọba Djet tí wọ́n rí ní Abydos, tó wà ní Louvre ní ìlú Paris báyìí, ni àpẹẹrẹ tó dára jù lójú mi: àṣá ńlá kan lókè, ààfin nísàlẹ̀, ejò kan ṣoṣo láàárín, kò sì sí ohun mìíràn mọ́. Gbogbo gbólóhùn náà kò ju “Horus, Djet” lọ. Ẹ óò sì rí i pé ọba kan ní ìdílé ọba kejì tó jẹ ní Íjíbítì, Peribsen, gbé ẹranko òrìṣà Seth sórí àpótí tirẹ̀ dípò àṣá, Khasekhemwy tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ sì gbé àwọn méjèèjì síbẹ̀. Bí òṣèlú bá ti yí padà, orí àpótí yìí ni a ti kọ́kọ́ ń rí i.

Láti nǹkan bí ìgbà ọba Sneferu, ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdílé kẹrin, ni okùn gbọọrọ tó yí orúkọ ká ti di àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èyí ni gbogbo ayé mọ̀. Okùn ni ní tòótọ́: ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ óò rí ìlà gbọọrọ kan níbi tí wọ́n ti so ó. Ohun tó ń sọ ni pé gbogbo ibi tí oòrùn ń yí ká wà lábẹ́ ọba. Okùn yìí náà ló ran Jean-François Champollion, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, lọ́wọ́ nígbà tó tú àṣírí ìkọ̀wé náà ní ọdún 1822, nítorí pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé orúkọ ọba gbọ́dọ̀ wà. Orúkọ ọba Ptolemy tó wà lára òkúta Rosetta, èyí tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan náà sí ní ìkọ̀wé Íjíbítì àti ti Gíríìkì, ni wọ́n fi ṣe àkàsọ̀ dé ara àwọn yòókù.

Orúkọ márùn-ún ni ọba máa ń ní nígbà tí ètò náà pé tán, méjì péré nínú wọn ló sì máa ń wà nínú okùn. Èyí àkọ́kọ́ ni ó gbà nígbà tó gorí ìtẹ́: ẹ óò mọ̀ ọ́n nítorí pé esùsú àti kòkòrò oyin ló ṣáájú rẹ̀, esùsú fún gúúsù, oyin fún àríwá. Èkejì ni orúkọ tí wọ́n bí i bí, pẹ́pẹ́yẹ àti oòrùn ló sì ṣáájú rẹ̀, tó túmọ̀ sí “ọmọ Ra”, ìyẹn òrìṣà oòrùn. Bí ẹ bá rí okùn méjì lára ògiri, tí oyin wà lókè ọ̀kan, tí pẹ́pẹ́yẹ wà lókè èkejì, ọba kan ṣoṣo ni wọ́n ń sọ. Àwọn kan máa ń rò pé ọba méjì ni.

AyàwòránÌtàgé kọ pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Orúkọ ta ni kí n wá kọ? Gbogbo ènìyàn ń pe Fáráò inú eré wa ní Ramses.

Òǹkàwé kọ pé:

Ìwé Ẹ́kísódù kò dárúkọ Fáráò náà rárá. Ramesesi tó wà níbẹ̀, ìlú ìṣúra ni. Ramses Kejì tí àwọn ènìyàn ń fọkàn sí jọba láti 1279 sí 1213 ṣáájú ìbí Kristi. Bí ẹ bá fẹ́ lo orúkọ rẹ̀, kò burú fún eré, ṣùgbọ́n ẹ má kọ ọ́ sínú ìwé ètò pé bẹ́ẹ̀ ló rí nínú ìtàn.

Orúkọ rẹ̀ ní ọ̀nà tó rọrùn jù rí báyìí: oòrùn roboto fún “Ra”, awọ kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ mẹ́ta tí a so pọ̀ lókè fún “mes”, lẹ́yìn náà àmì ìró “s” méjì. Ẹ óò rí oríṣiríṣi ọ̀nà mìíràn lára òkúta, nítorí pé àwọn agbẹ́kùúta máa ń fẹ́ kí àmì kún inú okùn dáadáa láìfi àyè òfìfo sílẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ èyí tó rẹwà jù lójú, tí ọwọ́ yín yóò sì tètè mọ̀, ẹ ya orúkọ ìtẹ́ Tutankhamun. Láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, oòrùn ni, lẹ́yìn rẹ̀ yímíyímí, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà kéékèèké mẹ́ta tó ń sọ pé nǹkan náà pọ̀, lẹ́yìn náà agbọ̀n. Bí a bá kà á, Neb-kheperu-Ra ni: agbọ̀n tó wà nísàlẹ̀ ni “neb”, yímíyímí ni “kheper”, oòrùn ni “Ra”. Ẹ rí i pé oòrùn tó wà lókè pátápátá la kà kẹ́yìn. Òrìṣà kì í wà lẹ́yìn nínú ìwé wọn. Ipò iwájú ni wọ́n máa ń fún un, òǹkàwé ni yóò tún un tò nínú orí ara rẹ̀.

ỌmọOdòThames kọ pé:

Ẹni tó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè rí gbogbo èyí láìná kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí etí odò Thames níbi tí òpó òkúta tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́ Cleopatra wà. Kò kan Cleopatra. Ọba Thutmose Kẹta ló gbẹ́ ẹ kalẹ̀ ní ìlú Heliopolis ní nǹkan bí ọdún 1450 ṣáájú ìbí Kristi, ọdún 1878 ni wọ́n sì gbé e nàró ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ga tó mítà 21. Ẹ gbé ojú sókè: àṣá tó dé adé ilẹ̀ méjì ló wà lókè, àpótí ààfin sì wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Òǹkàwé ti ṣàlàyé. Ìlà àárín ni ti Thutmose. Àwọn ìlà ẹ̀gbẹ́, Ramses Kejì ni ó wá fi orúkọ tirẹ̀ kún un ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà. Ọba yẹn kì í fi àyè òfìfo sílẹ̀ lára òkúta ẹlòmíràn.

Orí àti àyà ère rẹ̀ tó wà ní British Museum náà yẹ ní wíwò fún Aránṣọ, nítorí pé ẹ óò rí bí aṣọ orí onílà ṣe jókòó lórí ènìyàn, àti bí wọ́n ṣe to àwọn ejò sèbé yí ká lókè rẹ̀.

Olùkọ́Ìtàn kọ pé:

Ó ku ohun ọwọ́ ọba. Ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí ti darandaran àti pàṣán ni gbogbo ènìyàn mọ̀, pàápàá nítorí pósí Tutankhamun. Nínú èyí tó wà nínú pátápátá, tí wọ́n fi nǹkan bí 110 kílò wúrà ṣe, ọba ká ọwọ́ lé àyà, ó sì di wọ́n mú. Nínú ìwé, ọ̀pá títẹ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi ń kọ “heqa”, ìyẹn alákòóso. Kódà ó wà nínú okùn orúkọ Tutankhamun fúnra rẹ̀, níbi tí wọ́n ti pè é ní alákòóso Heliopolis ti gúúsù. Adé pupa, nígbà tó yá, di ohun tí wọ́n fi ń kọ ìró “n” lásán nínú ọ̀rọ̀ tí kò kan ọba rárá, nítorí náà ẹ má ṣe rò pé gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí i ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ adé. Ẹ óò sì rí ọkùnrin kékeré kan tó jókòó ní òpin ọ̀rọ̀, tí ejò wà níwájú orí rẹ̀. Kì í ní ìró kankan níbẹ̀, ó kàn ń sọ fún òǹkàwé pé ọba ni ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà ń tọ́ka sí.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí Fáráò yín ká ọwọ́ lé àyà láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Osiris, ọba àwọn òkú, ni ó máa ń wà bẹ́ẹ̀, pósí ni ó sì bá mu. Ọba tó wà láàyè máa ń na kùmọ̀, ó máa ń ta ọfà, ó máa ń gbé ọrẹ fún òrìṣà, ó sì lè mú ọ̀pá gígùn lọ́wọ́. Irùngbọ̀n náà ní òfin tirẹ̀: ti ọba alààyè gún régé, ti òrìṣà àti ti ọba tó ti kú ni ìdí rẹ̀ ká síwájú.

Olùbéèrè kọ pé:

Ẹ jọ̀ọ́, pàṣán yẹn kọ́ ni ìrùkẹ̀rẹ̀ àwọn ọba wa bí? Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Olùkọ́Ìtàn kọ pé:

Rárá o. Ẹ wo ohun tí wọ́n fi ṣe é: igi kúkúrú ni, okùn mẹ́ta tí wọ́n sin ìlẹ̀kẹ̀ gbọọrọ sí ló sì so mọ́ orí rẹ̀. Irun ìrù ẹranko ni ìrùkẹ̀rẹ̀. Ìrù tó wà lára Fáráò, ìdí ló so mọ́, agbára akọ màlúù ló sì ń sọ. Pé ọba ibi méjì mú nǹkan lọ́wọ́ kò tó ẹ̀rí pé ọ̀kan jogún rẹ̀ lọ́wọ́ èkejì. Bí ẹ bá ń wá ibi tí adé Íjíbítì ti kọjá sí orí ọba ilẹ̀ adúláwọ̀ mìíràn lóòótọ́, ẹ wo Kush, ní Sudan òde òní. Àwọn ọba ibẹ̀ ṣàkóso Íjíbítì gẹ́gẹ́ bí ìdílé 25. Ère Taharqa, tó jọba láti 690 sí 664 ṣáájú ìbí Kristi, ní ejò méjì níwájú orí dípò ẹyọ kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ilẹ̀ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n dúró fún.

Òǹkàwé kọ pé:

Ẹ ṣọ́ra fún ìhà tí àmì kọjú sí. Ibi tí ẹyẹ, ènìyàn àti ẹranko bá kọjú sí ni ìbẹ̀rẹ̀ ìlà, ibẹ̀ ni a ti ń kà á bọ̀. Bí ọba bá kọjú sí ọ̀tún, àṣá, oyin àti pẹ́pẹ́yẹ tó wà nínú ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ọ̀tún pẹ̀lú. Nígbà tí ẹ bá yí àwòrán padà lórí fóònù kí ọba lè kọjú sí ìtẹ́, ẹ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà pọ̀ mọ́ ọn, ẹ má yí ọba nìkan. Láti ọdún 2009 ni àmì 1,071 ti wà nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń mọ lẹ́tà, ẹ lè tẹ̀ wọ́n ní títóbi sínú ìwé kí ẹ sì fi wọ́n ṣe àwòkọ. Bí ẹ bá ń wá adé àti ọ̀pá nínú àtòjọ àmì tí ọ̀mọ̀wé Alan Gardiner ṣe, èyí tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀lé, abẹ́ lẹ́tà S ni wọ́n wà, àwọn ẹyẹ sì wà lábẹ́ G.

AyàwòránÌtàgé kọ pé:

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kù: ọmọbìnrin ni ó mọ ipa Fáráò ṣe jù nínú ẹgbẹ́ wa, àwọn kan sì ń sọ pé irùngbọ̀n yóò di ẹ̀rín lójú rẹ̀.

Aránṣọ kọ pé:

Ẹ so ó mọ́ ọn lágbọ̀n. Irùngbọ̀n àwọn ọba náà kì í ṣe èyí tó hù lójú wọn. Lára ère púpọ̀ ẹ óò rí okùn tó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọjá sí etí. Hatshepsut, obìnrin tó jọba ní nǹkan bí 1473 sí 1458 ṣáájú ìbí Kristi, so ó, ó dé aṣọ orí onílà, ó sì ró aṣọ ìdí ọkùnrin. Àwọn ère rẹ̀ láti Deir el-Bahri tó wà ní Metropolitan Museum ní New York wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ fi han àwọn tó ń ṣàtakò.

Òǹkàwé kọ pé:

Ìwé ni ó fi í hàn ní obìnrin. Lábẹ́ pẹ́pẹ́yẹ tó ṣáájú orúkọ rẹ̀, wọ́n fi àmì ìṣù búrẹ́dì kékeré kan sí i, ìró “t” tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ti abo, kí a lè kà á ní “ọmọbìnrin Ra”. Ẹ lè ya tiyín bẹ́ẹ̀ náà, ní ìwọ̀n ìdajì pẹ́pẹ́yẹ, kí ojú rẹ̀ pẹlẹbẹ wà nísàlẹ̀.